Ọmọ Tí Kò Sọ̀rọ̀, Ó Lè Máa Ronú



Bí ọmọ kan bá wà nílé yín tí kì í wo ojú ènìyàn, tí ọ̀rọ̀ kò yọ lẹ́nu rẹ̀, tó ń to ìdérí ìgò láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ má tètè pè é ní òmùgọ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí.

Ní 1943, dókítà Leo Kanner ní Baltimore, Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó ní ohun tí à ń pè ní ọ́tísíìmù. Donald Triplett ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn. Àwọn òbí rẹ̀ ti fi í sí ilé ìtọ́jú rí, kí wọ́n tó lọ mú un padà wálé.

Nígbà tó yá, ó lọ gbé lọ́dọ̀ tọkọtaya àgbẹ̀ kan. Donald kò yéé ka iye nǹkan, kò yéé wọn nǹkan. Ṣé wọ́n ní kó jáwọ́ ni? Rárá o. Bó ṣe ń ka ìlà àgbàdo ṣáá, wọ́n ní kó máa kà á bó ṣe ń fi ẹṣin túlẹ̀. Wọ́n ní kó gbẹ́ kànga, kó wá sọ bó ṣe jìn tó. Donald dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ó ń wa mọ́tò. Ẹni ọdún 89 ni nígbà tó kú ní 2023.

Ní 2007, Michelle Dawson, tí òun fúnra rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún ọmọ 38 ní ìdánwò méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ìbéèrè ń fẹ́ ìdáhùn ẹnu. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gba máàkì gíga. Èkejì, àwòrán ni: ọmọ á wá ibi tó kù nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló bọ́ sáàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ kan náà ni o. Ọ̀nà tí a gbà bi í ló yàtọ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ṣiṣẹ́ báǹkì. Àwọn mìíràn á nílò olùrànlọ́wọ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Nílé, ẹ gbé omi àti gàrí síwájú rẹ̀, kó nawọ́ sí èyí tó fẹ́. Bó bá fẹ́ràn títo nǹkan, kó bá yín to ọsàn sórí àtẹ.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.