Heptapyrgion

Heptapyrgion, tí a mọ̀ sí Yedi Kule ní èdè Tọ́kì, jẹ́ ilé olódi àtijọ́ tí ó wà lórí òkè ní ìlú Tẹsalóníkà, ní àríwá orílẹ̀-èdè Gíríìsì. Orúkọ méjèèjì túmọ̀ sí "ilé-ìṣọ́ méje", ṣùgbọ́n mẹ́wàá ni ilé-ìṣọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí a ti fi orúkọ odi Yedikule ti ìlú Istanbul pè é. Ní ayé Byzantine ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn Ottoman tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà ẹ̀wọ̀n níkẹyìn.

Ibi tí ó wà

Ilé olódi yìí wà ní igun àríwá-ìlà-oòrùn Akropoli, èyí tí í ṣe apá tí ó ga jù lọ nínú odi ìlú náà. Tẹsalóníkà ni ìlú tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà méjì inú Bíbélì sí. Ẹni tí ó bá di òkè yìí mú lè rí ọkọ̀ ojú omi tí ń bọ̀ láti òkun, ó sì lè rí ẹni tí ń bọ̀ láti orí ilẹ̀. Bí ọ̀tá bá wọ ìlú nísàlẹ̀, orí òkè ni ibi ìsádi ìkẹyìn.

Ìtàn

Ilé-ìṣọ́ márùn-ún tí ó wà níhà àríwá jẹ́ ara odi Akropoli, èyí tí a gbà pé wọ́n kọ́ ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún 4. Ní àárín gbùngbùn ìgbà Byzantine, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ní ọ̀rúndún 12, wọ́n kọ́ márùn-ún mìíràn síhà gúúsù, ibẹ̀ sì di odi tí ó dá dúró.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1430, Sultan Murad Kejì gba Tẹsalóníkà lọ́wọ́ àwọn ará Fẹ́nísì, tí wọ́n ti ń ṣàkóso rẹ̀ láti ọdún 1423. Àkọlé kan tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá gbẹ́ sórí ẹnubodè jẹ́rìí sí i pé Çavuş Bey tún ilé-ìṣọ́ ibẹ̀ kọ́ ní ọdún 1431. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ogun Ottoman ti ń gbé inú odi náà. Ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Gíríìsì ní ọdún 1912.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n

Ní ẹ̀wádún tí ó parí ọ̀rúndún 19, ìjọba Ottoman sọ odi náà di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ògiri tí wọ́n mọ láti lé ọ̀tá sẹ́yìn wá di ohun tí ń sé ènìyàn mọ́lé. Ìjọba Gíríìsì náà ń lò ó bẹ́ẹ̀, fún ọkùnrin àti obìnrin. Yàtọ̀ sí àwọn ọ̀daràn, a ti ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ ibẹ̀ nítorí èrò ìṣèlú wọn: ní ìgbà ìjọba Metaxas (1936–1941), ní ìgbà tí Jámánì gba ìlú náà (1941–1944), ní ìgbà ogun abẹ́lé (1946–1949), àti lábẹ́ ìjọba ológun (1967–1974). Orúkọ Yedi Kule di ohun ìbẹ̀rù, ó sì wọ inú orin rebetiko, orin àwọn mẹ̀kúnnù ìlú. Ní ọdún 1989 ni wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ sí ọgbà tuntun lẹ́yìn ìlú.

Àbẹ̀wò

Ní ọdún 1988, UNESCO fi odi ìlú Tẹsalóníkà àti àwọn ilé Byzantine rẹ̀ sínú àwọn ibi Ogún Àgbáyé. Nígbà tí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ ní Heptapyrgion, wọn kò wó àwọn ilé ẹ̀wọ̀n náà dànù kí ògiri àtijọ́ lè dá hàn. Nítorí náà, àlejò tí ó bá kọjá lábẹ́ àkọlé Çavuş Bey yóò bá àgbàlá àti yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n nínú odi Byzantine. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ gun òkè náà gba inú Ano Poli, àdúgbò àtijọ́ tí iná ńlá ọdún 1917 kò fi bẹ́ẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ga, ó sì tóóró. Ilé àwọn mọ́ńkì Vlatadon, ti ọ̀rúndún 14, kò jìnnà síbẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, a máa ń rí Òkè Olympus ní òdìkejì òkun láti orí òkè yìí.