Ogún Tí Kò Ṣeé Pín

Ìjẹ̀bú mọ owó jù, Èkìtì lágídí, Ìjẹ̀ṣà kì í gbàgbé gbèsè, ọmọ Ìbàdàn mọ èébú bú: ta ni kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí rí nílẹ̀ Yorùbá? Bí ìpínlẹ̀ méjì tó pààlà bá wá ń du nǹkan mọ́ra wọn lọ́wọ́, pàápàá yunifásítì, orí ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí la sábà máa ń gbé e kà. A ó ní ìran wọn kò rẹ́ láti ayébáyé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ wà lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló bí ìjà yunifásítì. Ogún ló bí i: ìjọba ológun fi gègé la ìpínlẹ̀ kan sí méjì, ó sì fi dúkìá kan tí kò ṣeé là sílẹ̀ láàárín wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo orísun àwọn ẹ̀fẹ̀ náà. Òṣómàáló tí wọ́n ń pe Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe orúkọ ogun rárá. Òwò aṣọ ló ti wá, láyé ìgbà tí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú onílùú. Bí ọjọ́ owó bá pé, olówó á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òṣó ni òun máa ló títí owó òun yóò fi dé. Ti Ìjẹ̀bú náà, ojú ọ̀nà ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀: títí di 1892 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun wọn ní Ìmágbọ̀n, àwọn ló di ẹnu ọ̀nà láti etí ọ̀sà lọ sí ìlú òkè mú, ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn tàbí iyọ̀ gbọ́dọ̀ bá wọn ná an. Ìnagijẹ ilé ọ̀jọ̀gbọ́n tí Èkìtì ń jẹ́ kéré lọ́jọ́ orí ju ìwọ̀nyí lọ. Ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì bíi Christ's School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1933 ló gbìn ín, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní January 1955 ló bomi rin ín. Àwọn tó ń fún ara wọn ní irú orúkọ báyìí ń ná ọjà kan náà ni, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn.

Ẹnìkan yóò bi mí pé, Kírìjì ńkọ́? Ó yẹ ní bíbéèrè. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká ní bùdó títí di 1893. Ìbàdàn wà lápá kan, Èkìtìparapọ̀ lápá kejì, àwọn Ògèdèǹgbé ará Iléṣà àti Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí sì ń ṣáájú wọn. Àmọ́ ẹ fi ìlà ogun yẹn lé orí máàpù òde òní kí ẹ wò ó. Ìgbájọ tí Ìbàdàn pàgọ́ sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé tí Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni méjèèjì wà. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó jọ gbé ìbọn, ààlà ti là wọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òṣogbo, ìlú méjì tí ìjà yunifásítì tó le jù dá lé, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n nígbà náà: ogun Ìlọrin ni wọ́n jọ ń dojú kọ, Ìbàdàn ló sì gba Òṣogbo sílẹ̀ ní nǹkan bí 1840. Bó bá jẹ́ ìjà ìran ni, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó ti bẹ́.

Ibi tó ti bẹ́ gan-an ni ọ́fíìsì. Ní 1976, wọ́n gé Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní 1982, Gómìnà Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, dá yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Kò sí ẹni tó ń ka Adó sí ilẹ̀ àjèjì nígbà náà. Nígbà tí Abacha gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní October 1996, yunifásítì bá ilẹ̀ lọ, Oǹdó sì wà láìní tirẹ̀. Ní 1999 ni wọ́n tó gbé tuntun kalẹ̀ sí Àkùngbá-Àkókó. Láti ìgbà náà, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó bá fẹ́ lọ kàwé ní Adó ti di ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ owó tí àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ sábà máa ń gbà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò.

Oǹdó àti Èkìtì ṣì rí ọ̀nà yà fún ara wọn. Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní April 1990 ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Adétúnjí Olúrìn fọwọ́ sí òfin tó dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù mẹ́rìndínlógún péré ló tẹ̀ lé e kí wọ́n tó gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní August 1991. Wọ́n wá sọ ilé ìwé náà lórúkọ Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìpínlẹ̀ méjèèjì sì ní àwọn yóò jọ máa bọ́ ọ. Bí baba bá kú nílẹ̀ wa, ọ̀nà méjì la fi ń pín ogún: ìdí-igi, tí a fi iye ìyàwó pín in, tàbí orí-ò-jorí, tí a fi iye ọmọ pín in. Yàrá ìkàwé kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọgbà, Òṣogbo ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn, kò sì sí ẹni tó lè yọ ti tirẹ̀ kí ti ẹnìkejì má mì. Wọ́n bára wọn dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ilé ẹjọ́ ní àwọn méjèèjì ló ni ín. Ìdájọ́ kò sanwó oṣù. Bí èyí bá ní òun ti san tòun, èyíun á ní irọ́ ni, olùkọ́ á daṣẹ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á sì jókòó sílé. Láàárín 2016 sí 2017, ìlẹ̀kùn ọgbà náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Wọ́n lè ní ẹ̀fẹ̀ ìran ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà korò tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀. Ọ̀kan wà ní Ọ̀yọ́, èkejì wà ní Ọ̀ṣun, ìpínlẹ̀ méjì kan náà yẹn. Ìbàdàn ń fi 1948 yangàn pé òun ni àkọ́bí, Ifẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní Great Ife, wọn kò sì yé fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Síbẹ̀ n kò mọ ọjọ́ tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Àpò Àbújá ni owó wọn ti ń wá. Láti 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti gba Ifẹ̀ mọ́ra, kò sì sí gómìnà tó ń bèèrè pé ta ló san tirẹ̀.

Ní November 2020, wọ́n parí ìjà Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ní Àbújá: Ọ̀yọ́ mú Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ṣun mú ilé ìwòsàn Òṣogbo, ó sì fi orúkọ yunifásítì tirẹ̀ pè é. Ọ̀ṣun ti dá yunifásítì náà sílẹ̀ láti 2006, ìlú mẹ́fà ni wọ́n sì fọ́n ọn sí. Ẹ̀kọ́ òfin wà ní Ifẹ̀tẹ̀dó, iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Èjìgbò, ẹ̀ka tó kù wà ní Òṣogbo, Ìkirè, Òkukù àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Kò sí ààlà ìpínlẹ̀ kankan láàárín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìdí-igi ni wọ́n sì fi pín in.