Ọdún Tuntun ní Ìsarà
Àwa àgbà a máa rò pé oúnjẹ àti aṣọ titun nìkan ni ọmọdé ń rí nínú ìsinmi ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní 1934, gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀, Aké, tí ó jáde ní 1981 ti fi hàn. Ní Aké, l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ń ṣe Kérésìmesì. Ìsarà ní Rẹ́mọ, ìlú baba rẹ̀, ni ọdún tuntun ń bá wọn. Níbẹ̀ ni a ti ní kí ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, òun sì béèrè èéṣe, nígbà tí òun kì í dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run pàápàá. (Èmi ìbá ti bá a wí!) Níbẹ̀ náà ni baba baba rẹ̀ ti mú kí a sín gbẹ́rẹ́ sí i ní ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, nítorí arúgbó náà mọ̀ pé ìwé kíkà a máa fa ìjà.