Ìwé Ẹ̀rí Ìgbéyàwó Àtijọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí Nínú Ìtàn Ìdílé



1. Ìfáárà

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ lítíréṣọ̀ máa ń bi ohunkóhun tí a bá ń kà ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ni ó sì mú un sọ ọ́? Ìbéèrè yìí kan náà ni mo fẹ́ bi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àtijọ́ lónìí.

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ akadá lásán. Ní ọdún 1994, nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹbí wa ní Abẹ́òkúta fẹ́ pín ilé bàbá bàbá mi. Ẹnìkan nínú wa mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó baba náà jáde láti inú àpótí. Ọdún 1921 ni wọ́n kọ ọ́. Níbi tí ìwé ti ń bèèrè ipò tí ọkọ wà kí ó tó gbéyàwó, àpọ́n ni wọ́n pè é. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa ni a mọ̀ pé wọ́n ti bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ṣáájú ọdún náà, àti pé ìyá rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó mú ìwé wá ní bí baba bá jẹ́ àpọ́n ní 1921, a jẹ́ pé ọmọ àlè ni obìnrin náà, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní ìpín.

2. Bí ìwé náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Òfin Ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1884 fi ẹsẹ̀ ìgbéyàwó ọkọ kan aya kan múlẹ̀, òfin tí ó sì kan gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òpin ọdún 1914. Ìwé ẹ̀rí tí òfin náà là sílẹ̀ fara jọ èyí tí wọ́n ti ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1837. Ó ń bèèrè ọjọ́ ìgbéyàwó, orúkọ, ọjọ́ orí, ipò, iṣẹ́, ibùgbé, orúkọ bàbá àti iṣẹ́ bàbá. Kò bèèrè ìyá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọdún 2021 ni orúkọ ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ní ilé Yorùbá, ìdí igi ni a fi ń pín ogún, ìyá ni ó sì ń dá ìdí igi sílẹ̀.

Agbára ìwé yìí kì í ṣe kékeré. Nínú ẹjọ́ Cole àti Cole ní Èkó ní 1898, arákùnrin olóògbé fẹ́ jogún rẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ní ìgbéyàwó onígbàgbọ́ tí olóògbé ṣe ti yọ ogún náà kúrò lábẹ́ àṣà. Nítorí náà, kíkà tí a bá ka ìwé yìí lè sọ ẹnìkan di onílé, kí ó sì sọ ẹlòmíràn di àlejò.

3. Ohun tí akọ̀wé rí, ohun tí ó gbọ́, ohun tí kò bèèrè

Akọ̀wé rí tọkọtaya, ó rí ẹlẹ́rìí méjì, ó sì mọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ̀dà méjì ni wọn ń fọwọ́ sí: tọkọtaya gba ọ̀kan, èkejì sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ́jísírà láàárín ọjọ́ 7. Bí ẹ̀dà méjèèjì bá bára mu, a lè fọkàn tán ọjọ́ àti ibi náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ òrùka ni ọjọ́ yẹn. Ìdána lè ti wáyé ní ọdún púpọ̀ ṣáájú, nítorí náà ọmọ tí ó ṣáájú ìwé lè má ṣáájú ìgbéyàwó.

Ọjọ́ orí, gbígbọ́ ni akọ̀wé gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 nílò àṣẹ òbí, ìdí sì wà fún un láti fi ọdún kún ọdún. Nígbà mìíràn, ohun tí a ó rí kò ju pé ó ti tójúúbọ́ lọ. Orúkọ bàbá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní èdè wa, bàbá ni ẹ̀gbọ́n bàbá, bàbá náà sì ni àbúrò rẹ̀. Ọmọ òrukàn tí àbúrò bàbá rẹ̀ tọ́ lè dárúkọ onítọ̀hún fún akọ̀wé láìpurọ́ rárá.

Orúkọ ìdílé náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Àjàyí ọmọ Òṣogùn di Samuel Crowther nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825. Orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. David Brown Vincent sọ ara rẹ̀ di Mojọlá Agbébí ní 1894. Ẹni tí ó bá ń wá Agbébí nínú ìwé tí ó ṣáájú ọdún náà yóò wá a tì. Òjó, Àìná àti Táíwò sì jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá: Òjó méjì nínú ìwé méjì lè má bára tan rárá.

Ní ti ìyàwó ìdána, oríkì àti orílẹ̀, akọ̀wé kò bèèrè wọn rárá. Kí ìwé dákẹ́ lórí ohun tí a kò bi í kò túmọ̀ sí pé ohun náà kò sí.

4. Àpọ́n ọdún 1921

Mo padà sí ìwé baba wa. Ta ni ó pè é ní àpọ́n? Ẹni tí kò ka ìdána sí ìgbéyàwó ni. Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé, mo rí orúkọ ẹlẹ́rìí kejì, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Mo kà á fún ìyá àgbà kan ní agbo ilé wa. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó àkọ́kọ́ ni, ìyàwó tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 pa. Baba kì í ṣe àpọ́n, ẹni tí ìyàwó kú fún ni. Ta ni yóò wá fọwọ́ sí ìgbéyàwó ọkùnrin tí ó fi àbúrò rẹ̀ ṣe àlè? Àna ni ó wá ṣe ẹlẹ́rìí fún àna rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1979, àti ti 1999 ní abala 42, kò gbà kí a fi bí a ṣe bí ènìyàn dù ú ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dá orúkọ rere padà fún obìnrin tí ó ti kú. Ìwé àti ẹnu ìyá àgbà ni ó jọ dá a padà. Láìsí ìyá àgbà, orúkọ lásán ni ẹlẹ́rìí náà ì bá jẹ́; láìsí ìwé, àlọ́ ni wọn ì bá pe ọ̀rọ̀ ìyá àgbà. Ìdí igi méjì ni a pín ilé náà sí.

5. Àgbálọgbábọ̀

Kí olùwádìí má ṣe bèèrè bóyá òótọ́ ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ń sọ tàbí irọ́. Kí ó mú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó bèèrè ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, àti ẹni tí yóò jèrè rẹ̀. Kí ó sì ka orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí fún àgbà kí àgbà tó lọ. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni kí á wò kí á tó fi ìwé gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ.