Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Aláìsàn: Ìtàn Yábàá àti Aró

Nígbà tí a bá lọ wo aláìsàn, ìlera rẹ̀ ni a máa ń bèèrè. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó bèèrè ẹni tí ó bá a ṣe àìsùn. Àwa tí a ń gbé ní Alápótí, ní ìtòsí Ọ̀tà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ sí, a máa ń rí àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ ní òwúrọ̀, a sì mọ bí ojú wọn ti ń rí. Síbẹ̀ ẹ̀rọ kì í bú ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, kì í sì í sá lọ ní òru. Iṣẹ́ ẹni tí ń ṣọ́ ènìyàn tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú wúwo ju èyí lọ. Ìtàn iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ wa ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọdún 1906 ni ìjọba Òyìnbó ṣe òfin lórí ọ̀ràn àwọn wèrè ní ìhà gúúsù. Ní ọdún 1907 a ṣí ilé kan ní Yábàá, ní Èkó, pẹ̀lú aláìsàn 14. Ilé ìpamọ́ lásán ni. Kò sí dókítà níbẹ̀ tí ó kọ́ ìmọ̀ àrùn ọpọlọ, àwọn tí a sì gbà sí iṣẹ́ kò kọ́ ìtọ́jú. Kọ́kọ́rọ́ ni irin-iṣẹ́ wọn, bí ti wọ́dà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, aláìsàn ń pọ̀, àyè kò sì gbòòrò. Ní 1936, Dókítà Robert Cunyngham Brown wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wádìí ọ̀ràn náà, ìwé rẹ̀ sì fi hàn bí nǹkan ti burú tó.

Kí a má ṣe yára dá àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà lẹ́bi. Ẹni tí a kò kọ́ ní nǹkan bí kò ṣe bí a ti ń ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ni yóò máa tì. Ẹni tí ènìyàn púpọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì ní olùrànlọ́wọ́, ẹ̀rù a máa bà á, ẹ̀rù a sì máa bí ìkanra.

Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn Aró. Ilé náà kò tíì parí. Kàkà kí ó jókòó de àwọn kọ́lékọ́lé, ó tọ àwọn ará abúlé tí ó yí Aró ká lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba aláìsàn sí ilé wọn. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ìbátan mìíràn ni yóò bá a wá, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, tí yóò sì mú un padà ní ọ̀sán.

Ẹ kíyèsí ohun tí èyí ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́. Oúnjẹ, aṣọ àti ìṣọ́ òru kúrò lọ́rùn nọ́ọ̀sì, ó sì ráyè ṣe iṣẹ́ tí ó kọ́. Àwọn ará abúlé pẹ̀lú jèrè: a fa omi ẹ̀rọ wá fún wọn, a gbẹ́ ṣáláńgá, a sì ń pa ẹ̀fọn ní àyíká wọn. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá sí iṣẹ́. Àwa onígbàgbọ́ lè má fara mọ́ gbogbo ìṣe wọn, ṣùgbọ́n a kò lè sẹ́ pé wọ́n mọ ìbẹ̀rù àwọn aláìsàn náà ju àlejò lọ. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ púpọ̀ ṣe àpéjọ ní Abẹ́òkúta.

Síbẹ̀ ẹrù tí a pín kò parẹ́. Ìyá tí ó bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Aró fi oko tàbí ọjà rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń san owó oṣù fún un. Nígbà tí apá Mósè rọ lórí òkè, Áárónì àti Húrì kò bá a wí. Wọ́n gbé òkúta sí abẹ́ rẹ̀ kí ó jókòó, wọ́n sì gbé ọwọ́ rẹ̀ ró títí oòrùn fi wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe fún ẹnikẹ́ni tí ń ṣọ́ aláìsàn, ìbáà ṣe ní ilé ìtọ́jú, ìbáà ṣe ní ìyẹ̀wù ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá ń tòògbé ní kíláàsì, ẹ bèèrè ẹni tí ó ṣọ́ ní òru kí ẹ tó mú pàṣán.