Òórùn Ẹnu Kọ́ Ni Ẹ̀rí

Ẹ jẹ́ ká gbé e kalẹ̀ báyìí. Ká ní awakọ̀ kan ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ lálẹ́, ó ń lọ sí Ìkòròdú. Wọ́n dá a dúró nítòsí Ìtòíkin, ẹ̀ṣọ́ kan gbọ́ òórùn lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "O ti mutí." Nígbà tó dé iwájú májísíréètì, wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí. Ẹnì kan rọra sọ fún un láti ẹ̀yìn pé, "Bọ̀dá, ẹ ṣáà sọ pé ẹ jẹ̀bi, kẹ́ ẹ sanwó, kẹ́ ẹ máa lọ sílé jàre." Ìmọ̀ràn yẹn ló gbé wa dé inú ìtàn.

Ìgbà kan wà tí irú ẹjọ́ yìí ò sí rárá. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ sá kúrò l'Ékòó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, ọ̀sà ni títì, ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò. Ìgbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé sáyé ni ọ̀rọ̀ ọtí àti ọkọ̀ di tilé-ẹjọ́. Ní September 1897, awakọ̀ takisí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, George Smith, fi ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ilé. Wọ́n mú un, ó sì gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n ní kó san owó ìtanràn. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè sọ bí ọtí ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀. Ojú àti imú ni wọ́n ń lò nígbà yẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ojú pupa lè jẹ́ àìsùn, ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n lè jẹ́ ẹ̀rù. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi wá ohun tó lè wọn ọtí. Ní 1954, Robert Borkenstein ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí èèyàn máa ń fẹ́ èémí sí. Ní 1967, òfin Bírítéènì fi mílígíráàmù 80 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ṣe ààlà. Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà ti gba ipò imú.

Ní tiwa, ìjàǹbá ojú ọ̀nà ló ta wá jí. Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Ààlà tiwa kéré ju èyí tí Bírítéènì fi lélẹ̀ ní 1967 lọ: 50 ni, kì í ṣe 80.

Tó bá ti wá di nọ́ńbà, kí ni awakọ̀ tún lè sọ? Ó lè sọ púpọ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Abala 36 nínú ìwé òfin 1999 ní aláìṣẹ̀ ni ẹnikẹ́ni títí ilé-ẹjọ́ á fi sọ pé ó jẹ̀bi. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀sùn fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n fún un láyè láti múra, kó gba agbẹjọ́rò tó bá wù ú, kó sì ní ògbufọ̀ láìsanwó. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní olùpẹ̀jọ́ ló gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀, láìsí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání.

Nítorí náà, ìbéèrè wà. Ṣé wọ́n wọn ọtí náà lóòótọ́, àbí òórùn nìkan ni wọ́n gbọ́? Ìgbà wo ni wọ́n yẹ ẹ̀rọ náà wò gbẹ̀yìn? Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife sílẹ̀ ni? Ọtí tó ṣì wà lẹ́nu lè mú kí nọ́ńbà ga ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dúró bí ìṣẹ́jú 15. Ṣé ó ń wakọ̀ lóòótọ́, àbí ó páàkì tó ń sùn?

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa. "Àgbo ni mo mu" ò kì í ṣe àwíjàre. Paraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ọtí ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀ bóyá jẹ̀díjẹ̀dí lẹ fẹ́ wò tàbí fàájì lẹ fẹ́ ṣe.

Àwọn kan á ní, ṣé ọ̀mùtí lẹ wá ń gbè lẹ́yìn? Rárá o. Ọmọ tó ń sọdá títì, ìyá tó ń ru ẹja bọ̀ láti ọjà Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti délé láàyè. Ohun tá à ń sọ ni pé tí wọ́n bá ń bi ẹ̀rí ní ìbéèrè, ẹ̀ṣọ́ á kọ́ láti wọn ọtí dáadáa, ẹni tó jẹ̀bi gan-an ò ní rí ihò gbà sá lọ. Tí gbogbo èèyàn bá ń sọ "mo jẹ̀bi" kí wọ́n lè tètè lọ sílé, aláìṣẹ̀ á máa ru ẹ̀bi ẹlòmíì, ọ̀mùtí náà á kàn máa sanwó, á sì tún padà sídìí ọkọ̀.

Ọ̀fíìsì kan wà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2000, OPD, tó ń gbẹjọ́ rò fún ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò. Kí bọ̀dá wa béèrè wọn kó tó la ẹnu. Tó bá sì jẹ́ pé ó mutí lóòótọ́, àwíjàre tó dára jù ti kọjá ní gáréèjì: kó ti gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíì.