Wárápá Àjogúnbá Lára Ọmọdé: Ohun Tó Ń Fà Á àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Wárápá ni àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí gìrì máa padà mú ènìyàn léraléra. Kì í ràn, ìbáà jẹ́ nípa itọ́ tàbí nípa ìfọwọ́kàn. Lára àwọn ọmọdé kan tí tiwọn le gan-an, tí ìrìn tàbí ìṣesí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kò sì gún, àbùkù nínú apilẹ̀ àbùdá ló fà á. Mímọ apilẹ̀ àbùdá tí ọ̀ràn kàn ṣe pàtàkì, nítorí òun ló ń sọ irú ìtọ́jú tó yẹ.

Bí ó ṣe ń dé ara ọmọ

Ẹ̀dà méjì ni ọmọ máa ń gbà: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nínú irú kan, ìgbà tí ẹ̀dà méjèèjì bá lábùkù ni àìsàn ń hàn. Ara àwọn òbí lè le koko, gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS ṣe lè bí ọmọ SS; nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ewu náà jẹ́ ìdá 1 nínú 4. Nínú irú kejì, àbùkù ẹ̀dà kan ṣoṣo ti tó. Ó lè wá láti ọ̀dọ̀ òbí kan, ó sì lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ náà. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn òbí nínú méjèèjì.

Àpẹẹrẹ mẹ́ta

SLC2A1: Òun ló ń darí bí ṣúgà ṣe ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Bí ó bá lábùkù, ebi ń pa ọpọlọ bí ọmọ tilẹ̀ yó. Gìrì ń mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gan, ó sì lè máa rìn bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, pàápàá kí ó tó jẹun. Oúnjẹ ọlọ́ràá púpọ̀, tí ṣúgà àti oúnjẹ bí iṣu àti ìrẹsì kò pọ̀ nínú rẹ̀, ni ìtọ́jú rẹ̀. Abẹ́ àbójútó dókítà nìkan ni kí ẹ ti ṣe é.

ALDH7A1: Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí a bí ọmọ ni gìrì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn wárápá kì í sábà ká a, ṣùgbọ́n fítámì B6 ń dá a dúró. Gbogbo ọjọ́ ayé ni ọmọ náà yóò máa lò ó.

SCN1A: Nínú irú rẹ̀ tó le, gìrì ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ibà, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó fi í sílẹ̀. Carbamazepine, tó wúlò fún ọ̀pọ̀ alárùn wárápá, lè mú kí tirẹ̀ burú sí i.

Ohun tí òbí lè ṣe

Nígbà tí gìrì bá mú ọmọ, ẹ mú kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ sì wo aago. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má sì ṣe fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Ẹ sọ fún dókítà ọjọ́ orí tí ó bẹ̀rẹ̀, bóyá ebi tàbí ibà ń fà á, àti bóyá ó ti ṣe ẹlòmíràn nínú ẹbí. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Kí oyún mìíràn tó dé, ẹ bi dókítà nípa ewu tó lè wà fún ọmọ tí ń bọ̀.